Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo ti ń retí ìdérí kan fún Moto Guzzi mi. Ṣé kí n tà á ni?

Àkàndé_Leeds
6 Oṣù Kejì 2025, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin alálùpùpù. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Moto Guzzi V7 III, àlùpùpù ilẹ̀ Italy, ni mò ń gùn, ti ọdún 2018, dúdú minimini. Àlòkù ni mo rà á ní 2022. Ó ti rin 14,000 máìlì báyìí, kò sì yọ mí lẹ́nu rí, àfi bátìrì kan péré tí mo pààrọ̀. Nínú oṣù kọkànlá tó kọjá, òjò rọ̀ mọ́jú, mo fẹ́ yí i kọjú sí títì níwájú ilé, ni ẹsẹ̀ mi bá yọ̀ lórí ewé tútù. Èmi àtòun la jọ balẹ̀. Ẹ mọ bí ẹ́ńjìnnì Guzzi ṣe rí, sílíńdà méjèèjì yọ síta lọ́tùn-ún lósì bí etí. Etí òsì ló fi gba ilẹ̀. Ìdérí orí sílíńdà náà sán, ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì sì kán. Ẹ̀bi mi ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Díílà tó sún mọ́ mi jù tó nǹkan bí ọgọ́ta máìlì. Mo débẹ̀ ní 20 oṣù kọkànlá, mo san owó nǹkan méjèèjì tán. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kẹrin. Ìdérí ò dé. Mo pè wọ́n nígbà tí Kérésì ń sún mọ́lé, wọ́n ní àwọn ará Italy ti lọ fún ọdún. Mo pè ní oṣù kìíní, wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Mo tún pè lánàá, ọmọkùnrin kan tí mi ò mọ ohùn rẹ̀ rí gbé e, ó ní kọ̀ǹpútà ò fi ọjọ́ kankan hàn, ó wá fi kún un, bí ẹni ń sọ ohun tí kò tó nǹkan, pé àwọn ò ní ta Guzzi mọ́ láti ìparí oṣù kẹta.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rèé. Àlùpùpù mi wà nínú gáréèjì, mo fi ọ̀rá àti téèpù wé e lójú ọgbẹ́ bí ẹni tó ṣẹ́ léjìká. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mi ò ní purọ́. Àmọ́ bí díílà yìí bá lọ, èyí tó kàn jìnnà ju àádọ́fà máìlì lọ. Ṣé kí n tà á ni, àbí ọgbọ́n kan wà tí mi ò tíì mọ̀?

---

Honda_Lómọ̀
6 Oṣù Kejì 2025, 9:31 alẹ́

Tà á. Ra Honda. Ó parí.

---

Ìyá_Ìbejì_Monster
6 Oṣù Kejì 2025, 10:05 alẹ́

Àkàndé, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ìwọ fúnra rẹ ò fara pa? Ìdérí nìkan lo ròyìn.

Honda_Lómọ̀, a ti gbọ́, o sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá náà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ducati Monster 821, ará Italy náà, ni tèmi. Birmingham ni mo wà, díílà mi ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ sí ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, torí náà mi ò lè ṣe bí ẹni pé mo mọ ìyà tó ń jẹ ọ́. Ti owó ni mo mọ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì púpọ̀, sípíríǹgì ló ń ti fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà wọlé jáde, padà dé. Ti Ducati kò rí bẹ́ẹ̀: irin kan ń ṣí i, irin mìíràn ń fà á dé. Desmo ni wọ́n ń pè é, Fabio Taglioni ló gbé e wọ inú àlùpùpù ìdíje wọn ní 1956. Ohun tó túmọ̀ sí fún àpò mi ni pé àlàfo méjì ni mẹkáníìkì ń wọ̀n lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan, fáàfù mẹ́jọ ló sì wà lórí tèmi. Ní 18,000 máìlì ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́líìtì tún wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ní ọdún márùn-ún, bí o gùn ún o, bí o ò gùn ún o. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé owó náà fún mi, mo ní kí ọ̀gbẹ́ni ibi káńtà tún un kà sókè. Ó ju ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn lọ. Bàbá Ìbejì ò tíì mọ iye yẹn títí di òní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́.

Ducati fúnra wọn mọ̀ pé ó wúwo. Nígbà tí wọ́n ṣe Multistrada V4, sípíríǹgì ni wọ́n fi sí i, àyẹ̀wò fáàfù sì di 60,000 kìlómítà. Àmọ́ èmi ò ní V4.

Kí ló dé tí mo ṣì ń san án? Òǹtẹ̀ inú ìwé sáfíìsì ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra Ducati lọ́wọ́ rẹ, ìwé yẹn ló máa kọ́kọ́ béèrè, kó tó wo táyà.

---

Ọ̀gá_Sípánà
7 Oṣù Kejì 2025, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù díílà kan ní London kí n tó dá tèmi sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò ṣẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn káńtà.

Kò sí díílà tó ń tọ́jú ìdérí sílíńdà sórí pẹpẹ. Fílítà ń tà, pádì bíréèkì ń tà, kébù kúlọ́ọ̀ṣì ń tà. Ìdérí tí ẹnì kan máa béèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, owó tó sùn ni. Torí náà ọjọ́ tí o bá béèrè ni wọ́n ń béèrè. Níbi tí mo wà, a kì í tiẹ̀ fi ọ́dà ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. A máa kó o jọ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí owó ìkẹ́rù má bàa jẹ èrè. Ọmọ Piaggio, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Fẹ́sípà, ni Guzzi láti 2004, òun àti Aprilia, tóun náà ń ṣe àlùpùpù, ni wọ́n jọ wọlé. Ìdérí rẹ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rọ lójoojúmọ́. Wọ́n lè rọ ẹgbẹ̀rún kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kùn ún, á tán, wọ́n á wá dúró títí ọ́dà á fi pọ̀ kí wọ́n tó rọ òmíràn. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá ń fi hàn nígbà yẹn, àfojúsùn lásán ni. Mo ti rí i kó sún síwájú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Ti ọdún Kérésì tí wọ́n sọ, òótọ́ ni. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni oṣù kẹjọ. Ferragosto, ọjọ́ ìsinmi ńlá wọn, bọ́ sí 15 oṣù kẹjọ, ilé-iṣẹ́ Italy púpọ̀ á sì tilẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Ẹni tó bá fi ọ́dà ránṣẹ́ ní ìparí oṣù keje, kó lọ fọkàn balẹ̀.

Àkàndé, nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì rẹ? Kì í ṣe orúkọ, nọ́ńbà ni mò ń wí. V7 III jáde ní oríṣiríṣi: Stone, Special, Anniversario, Carbon. Ọ̀dà àti bí wọ́n ṣe ha irin náà ló yàtọ̀. Ti Carbon, pupa ni wọ́n kun ìdérí rẹ̀. Bí dúdú bá tán, kò túmọ̀ sí pé pupa tán. Àmọ́ ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún un nìkan ló máa tẹ̀. Àwòrán ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ìwọ fúnra rẹ wo ojú ìwé tó kan orí sílíńdà, kọ gbogbo nọ́ńbà tó jọ ọ́ sílẹ̀, kí o wá fi bi díílà mẹ́ta.

---

Lọ́yà_Croydon
7 Oṣù Kejì 2025, 12:22 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Sípánà ti sọ ti irin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí ẹ kò bá fẹnu kò sórí ọjọ́ kan, ọjà tí o ti ra gbọ́dọ̀ dé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Tìẹ ti kọjá àádọ́rin. Kọ lẹ́tà sí wọn, fún wọn ní ọjọ́ mìíràn tó mọ́gbọ́n dání. Bí kò bá tún dé, gba owó rẹ padà. Wọn ò ní ẹsẹ̀ tí wọ́n máa fi dúró.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ pé díílà ò lè gba wáráńtì lọ́wọ́ rẹ nítorí pé mẹkáníìkì mìíràn ló ṣe sáfíìsì. Bẹ́ẹ̀ ni, fún mọ́tò. Òfin tí wọ́n ń tọ́ka sí yẹn, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sókè ló bá wí. Alùpùpù ò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì wà nínú wáráńtì, kó ka ìwé wáráńtì náà láti òkè dé ilẹ̀ kó tó gbé e lọ sí abẹ́ igi.

---

Ọ̀gá_Sípánà
7 Oṣù Kejì 2025, 12:58 ọ̀sán

Lọ́yà, abẹ́ igi kẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù mi ní òrùlé.

---

Ìyá_Ìbejì_Monster
7 Oṣù Kejì 2025, 1:10 ọ̀sán

Àbúrò mi Lọ́yà, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́. Oṣù kan àti ààbọ̀ ló kù kí àwọn yẹn fi Guzzi sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì yẹn níbẹ̀, ibòmíràn ló ń lọ. Èmi ì bá wá ẹni yẹn rí kí n mọ ibi tó ń lọ kí n tó kọ lẹ́tà kankan.

---

Káyọ̀dé_Mainland
7 Oṣù Kejì 2025, 8:47 alẹ́

Ẹ̀rín ń pa mí ní Èkó níbí. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ẹ ti ń pe lọ́yà!

Monster 796 ni tèmi, tòkunbọ̀. Kò sí díílà kankan tí mo lè bá jà, torí náà ara mi balẹ̀. Mo ti wọ Ládípọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ní bẹ́líìtì Ducati. Ẹnì kan tiẹ̀ fi bẹ́líìtì Corolla lọ̀ mí, ó ní ká gbìyànjú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester ló ń bá mi gbé e wá sínú báàgì, láàárín aṣọ ọmọ àti kọnfílẹ́ẹ̀kì. Gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀, mo máa ń ní kó ra méjì méjì: bẹ́líìtì, fílítà, pádì, àti rẹ́kítífáyà tó ń ṣọ́ iná tó ń wọ bátìrì, torí oòrùn wa àti gosílóò kì í jẹ́ kó pẹ́. Mẹkáníìkì mi ní Ṣómólú, Suzuki ló fi kọ́ṣẹ́. Ìwé àlàyé Ducati la jọ tẹ̀ jáde ní 300 ojú ìwé, ó fi epo yí gbogbo rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n báyìí ju èmi lọ.

Ọlọ́pàá nìkan ló kù. Òfin ìrìnnà Èkó tó lé ọ̀kadà kúrò lójú títì ńlá kò kan èyí tó bá ju 200cc lọ. Mo ń gbé ẹ̀dà òfin náà kiri. Wọn kì í kà á.

Àkàndé, ibi tó sán yẹn, ṣé o ò lè fi áráláìtì dí i? Tàbí góòmù irin alápá méjì yẹn. Á gbé ọ dé ìgbà ẹ̀rùn.

---

Ọ̀gá_Sípánà
7 Oṣù Kejì 2025, 9:30 alẹ́

Káyọ̀dé, o mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kó má gùn ún lọ jìnnà. Bó bá máa dí i, kó yọ ìdérí náà kúrò, kó fi oògùn ìfọbíréèkì fọ ọ̀rá epo kúrò tinú tòde, kó ha ojú ibi tó sán kí góòmù lè rí ohun dì mú, kó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ojú tó jókòó lé gásíkẹ́ẹ̀tì ni kó wò dáadáa. Bí ibẹ̀ bá ti wọ́, góòmù ò lè gbà á. Epo tó bá ń jò níbẹ̀, orí èésọ̀sì tó gbóná àti bàtà ẹni ló ń kán sí, táyà ẹ̀yìn ò sì jìnnà.

Wẹ́dà tó ń fi gáàsì argon jó alumíníọ̀mù lè jó o pọ̀ dáadáa. Ìyẹn ni èmi ì bá ṣe.

---

Bàbá_Fẹ́sípà
8 Oṣù Kejì 2025, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, bó bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, òun ni kẹ́ ẹ bá wí.

Nígbà tí ẹ dárúkọ Piaggio ni mo ní kó dúró. Ní 1975, owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́, ni mo fi ra Fẹ́sípà mi. Tíṣà ni mí nígbà náà, ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin ò lè mọ ohun tí Fẹ́sípà jẹ́ fún tíṣà nígbà yẹn. Mo lè wọ ṣòkòtò funfun gùn ún, kí n dé ilé ẹ̀kọ́ láìsí ẹ̀kán epo kan lára mi, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ irin lápá ọ̀tún, kò sì ní ṣéènì. Agbọ́n ni vespa jẹ́ ní èdè Italy. Wọ́n ní nígbà tí Enrico Piaggio fúnra rẹ̀ rí èyí àkọ́kọ́, ìbàdí tínrín, ìdí ńlá, ohùn tó ń kùn, ló ní ó mà jọ agbọ́n o. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí gbogbo yín ń wọ̀ yìí náà, Italy ni bàbá rẹ̀ ti wá: Ape tí Piaggio ṣe ní 1948, kòkòrò oyin nìyẹn. Bajaj ti India tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ lónìí, Vespa ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò pẹ̀lú àṣẹ Piaggio kí wọ́n tó dá dúró.

Mo ti ya kúrò lórí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti kébù. Gíà Fẹ́sípà, ọwọ́ òsì la fi ń yí i, kébù ló ń fà á. Ilé-iṣẹ́ tó tà á fún mi ní Ìbàdàn ní pààtì dáadáa fún ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn náà wọ́n palẹ̀ mọ́. Kébù gíà tán. Mo dé Gátẹ̀, wọ́n ní àwọn ń retí. Mo fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ológeere dípò rẹ̀, ó gbé mi dé Ọ̀yọ́, ó já níwájú ọjà Akẹ̀sán, gíà kẹta nìkan ló kù, gíà kẹta náà ni mo fi lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí kébù, méjì ni mo ń rà. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ni mo ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú, mo ti fi òróró pa á, kó má ju kí n so orí rẹ̀ lọ.

Ọmọ mi Àkàndé, kí o tó ra èyí tí o ní yìí, ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé yóò máa tún un ṣe?

---

Àkàndé_Leeds
8 Oṣù Kejì 2025, 7:02 alẹ́

Bàbá, ẹ kú àkókò yìí. Òótọ́ ni pé mi ò béèrè. Àwọ̀ rẹ̀ ni mo wò, àti ohùn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, orúnkún nìkan ló bó, ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n Sípánà, mo ti wo rìsíìtì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ síbẹ̀, ti dúdú. Àwọ̀ mìíràn ò wá sí wọn lọ́kàn, èmi náà ò sì mọ̀ pé ó ṣeé béèrè.

---

Olówó_Ẹyọ
9 Oṣù Kejì 2025, 10:11 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. MV Agusta Brutale, àlùpùpù Italy mìíràn, ni mo ń wò. Ó rẹwà ju Guzzi àti Ducati lọ. Kí lẹ rí sí i?

---

Ọ̀gá_Sípánà
9 Oṣù Kejì 2025, 10:40 àárọ̀

Ó rẹwà. Harley-Davidson rà á ní 2008, wọ́n dá a padà fún ìdílé Castiglioni ní 2010. Ìdílé Sardarov gbà á lẹ́yìn náà. KTM, àwọn tó ń ṣe àlùpùpù ní Austria, wọlé ní 2022, wọ́n di aláṣẹ ibẹ̀, ìgbà tó di oṣù kọkànlá 2024 KTM fúnra rẹ̀ kó sínú gbèsè, ọ̀rọ̀ sì ti padà sọ́wọ́ Sardarov. Gbogbo ìgbà tí ilé bá ti yí ọwọ́ padà, pẹpẹ pààtì ló kọ́kọ́ ń ṣófo. Bí o bá ní àlùpùpù kejì tí o lè máa gùn lọ síbi iṣẹ́, rà á. Bí òun nìkan lo máa ní, jẹ́ kó máa rẹwà níbi tó wà.

---

Adéọlá_Houston
9 Oṣù Kejì 2025, 3:26 ọ̀sán

Àkàndé, má tà á. Níbí, ẹni tí díílà rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta máìlì, ọmọ ìlú ni wọ́n ń pè é.

V7 náà ni mò ń gùn, ti 2017. Ọdún kẹta rèé tí mi ò ti gbé e débi kankan fún sáfíìsì. Ẹ gbà mí gbọ́, Guzzi yìí kì í ṣe Ducati. Àlàfo fáàfù rẹ̀, ní 6,200 máìlì ni wọ́n ní ká máa wò ó, ó sì rọrùn dé ibi pé ojú máa tì ẹ́ pé o ti ń sanwó fún un. Orí sílíńdà ti wà níta gbangba, o ò ní tú táńkì, o ò ní tú nǹkan kan. Jẹ́ kó tutù pátá, láti òru mọ́jú. Tú ìdérí. Yí ẹ́ńjìnnì títí písítìn ẹ̀gbẹ́ yẹn á fi dé òkè pátápátá, tí fáàfù méjèèjì sì dé. Fi irin pẹlẹbẹ tínrín tí a fi ń wọn àlàfo sí i. Bí kò bá tó tàbí tó ju bó ṣe yẹ, tú nọ́ọ̀tì, yí sókúrú, so nọ́ọ̀tì padà, kí o tún un wọ̀n, torí síso yẹn máa ń yí i. Iye àlàfo náà wà nínú ìwé rẹ, má gba ti ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́, títí kan tèmi. Lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wákàtí kan ààbọ̀, pẹ̀lú orin Ebenezer Obey.

Epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni 10W-60. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní i, torí náà má dúró dìgbà tó bá tán. Kò ní ṣéènì, ọ̀pá ló ń yí táyà ẹ̀yìn, epo gíà àti ti ìdí ọ̀pá náà wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn làwọn èèyàn ń gbàgbé.

Ti wáráńtì tí Lọ́yà sọ, tiwa níbí yàtọ̀. Òfin Magnuson-Moss ti 1975 kò yọ àlùpùpù sílẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ mú Harley-Davidson fúnra rẹ̀ pé ó ń dẹ́rù ba àwọn oníbàárà pé wáráńtì wọn á bàjẹ́ bí wọ́n bá lo pààtì ẹlòmíràn, wọ́n sì ní kó yí ìwé rẹ̀ padà.

---

Àkàndé_Leeds
9 Oṣù Kejì 2025, 8:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Adéọlá, iná sípánà kékeré tó máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ńkọ́, tó ń sọ pé àkókò sáfíìsì ti tó? Díílà sọ fún mi pé àwọn nìkan ló lè pa á.

---

Adéọlá_Houston
9 Oṣù Kejì 2025, 8:33 alẹ́

GuzziDiag ni, ètò orí kọ̀ǹpútà kan. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó fẹ́ràn Guzzi bíi tiwa ló kọ ọ́. Ra wáyà tó máa so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ, kò wọ́n. Ó ń pa iná sáfíìsì lórí tìẹ, ó sì ń ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kọ sílẹ̀. Kìkì pé bí ó bá ti jẹ́ èyí tó jáde láti 2019 wá, bíi V85, wádìí dáadáa kí o tó náwó sí i, kọ̀ǹpútà tiwọn yàtọ̀.

Fún pààtì, Gutsibits wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ yín, Stein-Dinse sì wà ní Braunschweig ní Jámánì.

---

Lọ́yà_Croydon
9 Oṣù Kejì 2025, 9:01 alẹ́

Tí o bá máa rà á ní Jámánì, rántí pé láti oṣù kìíní 2021 ló ti di ọjà òkè òkun. Tó bá ju £135 lọ, owó orí á dúró dè é lẹ́nu ibodè, ẹni tó gbé e wá á sì tún bu owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi kan pín ọ́dà rẹ̀ sí méjì nítorí ìyẹn. Mi ò sọ pé kí o ṣe bẹ́ẹ̀ o.

---

Àkàndé_Leeds
2 Oṣù Kẹta 2025, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ìròyìn.

Mo ṣe bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Mo wakọ̀ lọ bá díílà yẹn fúnra mi, mi ò pè lórí fóònù. Mi ò pariwo. Mo ní ẹni tó ń ṣe Guzzi ni mo fẹ́ kí. Wọ́n mú mi dé ẹ̀yìn, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló jáde, epo dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ṣàlàyé, ó mi orí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun. Ó ní òun mọ ẹni tó ń tú àlùpùpù tí jàǹbá ti bà jẹ́ ní apá Wakefield, kí n bi í bóyá ó ní ti Carbon. Ó kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn páálí fílítà fún mi.

Ẹni yẹn ní i. Ìdérí pupa, gbogbo rẹ̀ pé, kò tó ìdajì owó tuntun. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Bí mo ṣe wà nídìí ẹ̀ ni mo ní kí n kúkú wo àlàfo fáàfù bí ẹ̀gbọ́n Adéọlá ṣe júwe rẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ kọ́, mẹ́rin gbáko ni, mo sì lọ wo fídíò lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín. Ọ̀kan nínú ti apá ọ̀tún ti fún jù. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òǹtẹ̀ díílà wà nínú ìwé sáfíìsì tí ẹni tó tà á fún mi kó fún mi.

Mo gùn ún lọ sí Ilkley láàárọ̀ yìí, kò jò.

Bàbá tó ń ṣe Guzzi yẹn, ó ní òun máa fẹ̀yìn tì ni nígbà tí wọ́n bá kúrò, àmọ́ òun ní ṣẹ́ẹ̀dì kan lẹ́yìn ilé òun.

---

Ìyá_Ìbejì_Monster
2 Oṣù Kẹta 2025, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yìn páálí fílítà yẹn, rọra fi sínú fíréèmù. Mi ò ṣeré o.

Ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yẹn sì ń dùn mí. Ìwé tèmi kún fún òǹtẹ̀, mi ò tíì rí inú ẹ́ńjìnnì mi rí.

---

Honda_Lómọ̀
2 Oṣù Kẹta 2025, 5:41 ìrọ̀lẹ́

Etí dúdú kan, etí pupa kan. Honda kì í ṣe báyìí.

---

Káyọ̀dé_Mainland
2 Oṣù Kẹta 2025, 6:03 alẹ́

Kì í ṣe é. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

---

Àkàndé_Leeds
20 Oṣù Kẹta 2025, 1:17 ọ̀sán

Ẹ ò ní gbà á gbọ́. Díílà pè mí láàárọ̀ yìí. Ìdérí dúdú ti dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún géérégé.

Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e pamọ́, mo ń bọ̀ ní Sátidé. Ìyàwó mi ní kí n má yọ pupa yẹn kúrò, àwọn ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ, Elétí Pupa. Dúdú á wà lórí pẹpẹ.

---

Bàbá_Fẹ́sípà
20 Oṣù Kẹta 2025, 6:30 alẹ́

Ó káre, ọmọ mi. Ra gásíkẹ́ẹ̀tì méjì tì í. Kí o sì gbá ewé iwájú ilé yẹn.